Nọ́ńbà 720,720: Àwọn Ìbéèrè Tó Máa Ń Wáyé Jù Lọ Àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́ ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, àti àwọn òbí tó ń wá mú wọn lọ sílé, kì í yé béèrè nípa nọ́ńbà kan tí a máa ń kọ sókè pátákó. Nítorí pé ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún, a ti kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le.

Nọ́ńbà wo ni, báwo ni a sì ṣe ń pè é ní Yorùbá?

Nọ́ńbà náà ni 720,720. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pè é lóde òní ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, àti ogún lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Àwọn àgbà tó mọ ìṣirò owó ẹyọ yóò pè é ní ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì àti ọ̀rìndínlẹ́gbẹ̀rin, èyí tó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì dùn-ún gbọ́ jù ú lọ.

Kí ló mú un yàtọ̀?

Òun ni nọ́ńbà tó kéré jù lọ, yàtọ̀ sí òdo, tí gbogbo nọ́ńbà láti orí 1 dé orí 16 lè pín láìṣẹ́kù. Ẹ fi 7 pín in, kò ní ṣẹ́kù. Ẹ fi 11 tàbí 13 pín in, kò ní ṣẹ́kù. Ẹ fi 16 pín in, ẹ ó rí 45,045 géérégé. Nọ́ńbà tó kéré sí i tó lè ṣe gbogbo èyí kò sí.

Èyí ni ohun tí wọ́n ń pè ní LCM ní kíláàsì. Bí ọjà kan bá ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, tí ọjọ́ Jímọ̀ sì ń bọ̀ ní ọjọ́ méje méje, tí àwọn méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà lónìí, ọjọ́ 28 ni yóò tún gbà kí wọ́n tó pàdé, nítorí pé 28 ni nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí 4 àti 7 lè pín. Tí ó bá jẹ́ ọjà mẹ́rìndínlógún ni, tí ọ̀kan ń ná lójoojúmọ́, tí èkejì ń ná ní ọjọ́ méjì méjì, títí dé èyí tó ń ná ní ọjọ́ 16 sí 16, ọjọ́ 720,720 ni yóò gbà kí gbogbo wọn tó tún bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ìyẹn ju ọdún 1,970 lọ.

Kí ni práìmù, èwo nínú wọn ló sì wà nínú 720,720?

Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀: 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo nọ́ńbà mìíràn tó ju 1 lọ ni a lè tú palẹ̀ sí práìmù, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti tú u, bí a kò bá ka ètò tí a fi tò wọ́n sí. Tiwa yìí tú palẹ̀ báyìí:

720,720 = 2 × 2 × 2 × 2 × 3 × 3 × 5 × 7 × 11 × 13

Ìlà kan yìí ni a fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ lórí. Inú rẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ ti jáde, ẹni tó bá sì dì í mú kò nílò láti há ohun mìíràn sórí nípa nọ́ńbà náà.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀ pé òótọ́ ni, láìlo kàkúlétọ̀?

Àwọn àmì tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ó parí sí òdo, nítorí náà 2, 5 àti 10 pín in. Ẹ ro àwọn díjítì rẹ̀ pọ̀: 7 + 2 + 0 + 7 + 2 + 0 jẹ́ 18, èyí tí 9 pín, nítorí náà 3 àti 9 pín 720,720 pẹ̀lú. Ní ti 16, díjítì mẹ́rin ìkẹyìn nìkan ni a máa ń wò: 0720 ni wọ́n, 720 sì jẹ́ 16 × 45. Ní ti 11, a ó máa ro díjítì kan, a ó sì máa yọ èyí tó tẹ̀ lé e: 7 − 2 + 0 − 7 + 2 − 0 jẹ́ òdo, èyí tó fi hàn pé 11 pín in.

7 àti 13 nìkan ló ṣẹ́ kù, ìbéèrè tó kàn yóò sì dáhùn méjèèjì.

Kí ló dé tí 720 fi wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

Nítorí pé 720,720 jẹ́ 720 × 1,001, àti pé nọ́ńbà oní-díjítì mẹ́ta yòówù tí a bá fi 1,001 sọ di púpọ̀ yóò kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 1,001 fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 7 × 11 × 13. Ẹ wo bí ó ti bọ́ síra tó: 720 ló kó 16, 9 àti 5 wá, 1,001 ló kó práìmù mẹ́ta yòókù wá.

Ẹ dán èyí wò lórí fóònù yín. Ẹ mú nọ́ńbà oní-díjítì mẹ́ta kan, kí a sọ pé 358, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: 358358. Ẹ fi 7 pín in, ojú fóònù yóò gbé 51194 jáde. Ẹ fi 11 pín ìyẹn, 4654 ni yóò hàn. Ẹ wá fi 13 pín ìyẹn, ẹ ó sì rí 358 tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ dáwọ́ dúró, a sì máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é títí wọn yóò fi béèrè ìdí rẹ̀ fúnra wọn.

Bí a bá ń ka láti 1 lọ, ìgbà wo ni LCM náà di 720,720?

Ó kọ́kọ́ di 360,360 nígbà tí a dé 13, ó sì dúró síbẹ̀ fún 14 àti 15. Ìdí ni pé 14 jẹ́ 2 × 7, 15 sì jẹ́ 3 × 5, gbogbo àwọn wọ̀nyí sì ti wà nílẹ̀. Nígbà tí 16 dé, ó béèrè fún èjì mẹ́rin tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, èjì mẹ́ta péré ló sì wà nínú 360,360. A fi èjì kan kún un, ó di ìlọ́po méjì, òun náà ni 720,720.

Nígbà tí a bá dé 17, ó fò sókè di 12,252,240, nítorí pé práìmù ni 17, kò sì sí i nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mélòó ni gbogbo nọ́ńbà tó lè pín 720,720 láìṣẹ́kù?

Igba ó lé ogójì ni wọ́n, ìyẹn 240. Ẹ kò ní láti kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó mọ̀. Olùpín kọ̀ọ̀kan ni a ń fi práìmù tó wà nínú ìlà òkè yẹn kọ́. Ní ti 2, a lè mú mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, tàbí kí a má mú rárá: ọ̀nà márùn-ún. Ní ti 3, ọ̀nà mẹ́ta. Ní ti 5, 7, 11 àti 13, ọ̀nà méjì péré fún ìkọ̀ọ̀kan: kí a mú un tàbí kí a fi í sílẹ̀. 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2 jẹ́ 240.

Nínú wọn, 48 ni 2 kò lè pín, nítorí pé 48 ni a ó rí bí a bá yọ ọ̀nà márùn-ún ti èjì kúrò nínú ìsọdipúpọ̀ náà.

Ṣé mílíọ̀nù kan kò dára jù ú lọ? Ó tóbi jù ú lọ.

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ràn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mílíọ̀nù kan tóbi, ó sì rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n èjì mẹ́fà àti àrún mẹ́fà nìkan ló wà nínú rẹ̀. 7 × 7 ni iye olùpín rẹ̀, ìyẹn 49. 3 kò lè pín in, 6 kò lè pín in, bẹ́ẹ̀ náà ni 7, 9, 11, 12, 13, 14 àti 15. Bí ẹ bá kó mílíọ̀nù kan náírà fún ọmọ mẹ́ta pé kí wọ́n pín in dọ́gba, wàhálà ti dé nìyẹn.

Títóbi nọ́ńbà kò sọ ohun púpọ̀ nípa ìwà rẹ̀. Oríṣiríṣi práìmù tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ṣé èyí wúlò fún ẹni tó ń dá ajọ tàbí tó ń pín owó?

Ó wúlò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ká ní àwọn obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní ₦720,720 nínú àpò ẹgbẹ́, tí wọn kò sì tíì mọ iye ẹni tí yóò yọjú ní ọjọ́ ìpín. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, ₦102,960 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mọ́kànlá, ₦65,520. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́tàlá, ₦55,440. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ₦45,045. Kọ́bọ̀ kan kò ní ṣẹ́kù, kò sì sí ẹni tí wọn yóò sọ fún pé kí ó fi ìyókù ṣe sùúrù.

Bí ẹni kẹtàdínlógún bá wọlé, ₦42,395 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦5 yóò sì ṣẹ́kù.

Èwo ni kò lè pín in?

17 ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni 19, 23, 25, 27 àti 29. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ṣi 25 pè, wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tí 5 ti pín in, 25 náà yóò pín in. Àrún kan ṣoṣo ló wà nínú 720,720, àrún méjì ni 25 sì ń béèrè. Bákan náà ni 27 ń béèrè ẹ̀ta mẹ́ta, tí 32 sì ń béèrè èjì márùn-ún. Ṣùgbọ́n 18, 20, 21, 22, 24, 26, 28 àti 30 pín in dáadáa.

Báwo ni ìbá ṣe rí bí a bá fi owó ẹyọ kà á?

Ní ìgbà owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ló ń di ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. 720,720 ẹyọ yóò jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì, 720 ẹyọ yóò sì ṣẹ́kù. 720 yìí kan náà jẹ́ okùn méjìdínlógún géérégé, láìsí ẹyọ kan tó dá wà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé 40 pín in tán, ṣùgbọ́n 2,000 àti 20,000 kò lè pín in, nítorí ọ̀rọ̀ àrún tí a ti sọ lókè. Ìṣirò àwọn bàbá wa dúró lórí ogún, àrún àti yíyọ kúrò, ó sì tọ́ kí ọmọ Ẹ̀gbá tó ń kọ́ LCM mọ̀ pé ẹni tó bá lè pe ọ̀rìndínlẹ́gbẹ̀rin ti ń yọ 80 kúrò nínú 800 lọ́kàn kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ṣé ó ní ohun tó pa á pọ̀ mọ́ ojú Odù mẹ́rìndínlógún, tàbí pé a lè fi ta tẹ́tẹ́?

Rárá o. Lóòótọ́, 16 ni ojú Odù, 256 sì ni gbogbo Odù, ìyẹn 16 × 16, ṣùgbọ́n 256 kò tilẹ̀ lè pín 720,720: èjì mẹ́jọ ni 256 ń béèrè, mẹ́rin péré ló sì wà. Ní ti tẹ́tẹ́, kò sí nọ́ńbà kan tí ìwà rẹ̀ nínú ìṣirò lè mú un jáde nínú tẹ́tẹ́ ju òmíràn lọ.

Ṣé nọ́ńbà kan wà tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí ó di 720,720?

Kò sí. Nínú nọ́ńbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, práìmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní méjì méjì, ṣùgbọ́n 5, 7, 11 àti 13 dá wà níbí. Síbẹ̀, ó súnmọ́ ọn gan-an. 849 × 849 jẹ́ 720,801, èyí tó fi 81 péré ju tiwa lọ. 81 sì jẹ́ 9 × 9. Ìyẹn ni pé 720,720 jẹ́ 849² − 9², a sì lè kọ ọ́ báyìí: (849 − 9) × (849 + 9), ìyẹn 840 × 858.

Nínú gbogbo ọ̀nà 120 tí a lè gbà kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà méjì tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, èyí ni ìbejì tó súnmọ́ra jù lọ.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe ìwádìí jinlẹ̀ nípa irú nọ́ńbà yìí?

Srinivasa Ramanujan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ló kọ iṣẹ́ ńlá lórí wọn ní ọdún 1915. Ó wá àwọn nọ́ńbà tí iye olùpín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju ti gbogbo nọ́ńbà tó kéré sí i lọ, ó sì tò wọ́n sínú tábìlì. 720,720 wà nínú wọn. Ẹni tó gba ipò náà ṣáájú rẹ̀ ni 665,280, tó ní olùpín 224. Ẹni tó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni 1,081,080, tó ní 256.

Ramanujan tún ya àwọn díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú wọn tí wọ́n ga ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé iye olùpín wọn pọ̀ lọ́nà àrà bí a bá fi títóbi wọn wé e. Àwọn àkọ́kọ́ ni 2, 6, 12, 60, 120, 360, 2,520, 5,040, 55,440, ẹnì kẹwàá sì ni 720,720. Ẹ rántí pé 55,440 náà ni owó tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí àwọn oní-àdìrẹ jẹ́ mẹ́tàlá. Láti orí kẹsàn-án sí ìkẹwàá, 13 nìkan ni a fi kún un.

Ṣé kí n máa lò ó nígbàkígbà tí mo bá ń ro ìdá pọ̀ nínú ìdánwò?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ro 1/14, 1/15 àti 1/16 pọ̀, 1,680 ti tó fún ìsàlẹ̀: 120 + 112 + 105 jẹ́ 337, ìdáhùn sì ni 337/1,680. Ẹni tó bá lo 720,720 yóò rí ìdáhùn tó tọ́, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ yóò lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì lè ṣì.

Ibi tí ó ti tọ́ sí i ni ìgbà tí a bá ń ro gbogbo wọn pọ̀ láti 1, 1/2, 1/3 títí dé 1/16. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,436,559/720,720, kò sì sí nọ́ńbà mìíràn tí a lè fi pín òkè àti ìsàlẹ̀ kí ó tún kéré sí i.

Níwọ̀n ìgbà tí 720,720 ní olùpín tó pọ̀ báyìí, ṣé práìmù ni àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Èyí ló ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá pàápàá. Èrò wọn dára: bí a bá fi nọ́ńbà yòówù láti 2 dé 16 pín 720,721, 1 ni yóò ṣẹ́kù nígbà gbogbo, nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pín in. Wọ́n á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé práìmù ni. Ṣùgbọ́n 720,721 jẹ́ 71 × 10,151. Èyí tó ṣáájú 720,720, ìyẹn 720,719, jẹ́ 31 × 67 × 347.

Àìrí olùpín kékeré kò túmọ̀ sí pé kò sí olùpín rárá. Kí a tó lè pe nọ́ńbà tó tó báyìí ní práìmù, a gbọ́dọ̀ dán gbogbo práìmù wò títí dé orí 848 tàbí súnmọ́ ọn.

Ṣé òótọ́ ni pé kò sí práìmù kankan ní àyíká rẹ̀?

Òótọ́ ni, a sì lè fi hàn láìdán ẹyọ kan wò. Ẹ mú nọ́ńbà kan láti 2 dé 16, kí a pè é ní k. Nítorí pé k pín 720,720, ó gbọ́dọ̀ pín 720,720 + k àti 720,720 − k náà. Nítorí náà, láti 720,722 dé 720,736, àti láti 720,704 dé 720,718, kò sí práìmù. A ti rí i lókè pé àwọn méjì tó fara kan án kì í ṣe práìmù, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè jẹ́ ẹ. Nọ́ńbà 33 tò léra wọn báyìí, láti 720,704 títí dé 720,736, kò sì sí práìmù kan láàárín wọn.

Nọ́ńbà wo ló kéré jù lọ tó ń ṣẹ́ku 1 bí a bá fi 2 títí dé 16 pín in, ṣùgbọ́n tí 17 pín in tán?

Gbogbo nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó ń ṣẹ́ku 1 lọ́nà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 720,720 pẹ̀lú 1 lórí. Bí a bá fi 17 pín 720,720, 5 ló ń ṣẹ́kù. A wá ń wá iye ìlọ́po tí yóò mú kí 5 ní iye ìgbà yẹn, pẹ̀lú 1, jẹ́ ohun tí 17 lè pín. Ẹ ka a: 5 + 1 jẹ́ 6, kò ṣe é, 10 + 1 jẹ́ 11, kò ṣe é, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìlọ́po mẹ́wàá, níbi tí 50 + 1 ti jẹ́ 51, ìyẹn 17 × 3.

Nítorí náà ìdáhùn ni 7,207,201, ó sì jẹ́ 17 × 423,953.

Kí ló pa 720,720 pọ̀ mọ́ ìbéèrè Riemann tí àwọn onímọ̀ ìṣirò kò tíì yanjú?

Ní ọdún 1859, ọdún kan náà tí Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbí ní Abẹ́òkúta, Bernhard Riemann ní ilẹ̀ Jámánì gbé àbá kan kalẹ̀ nípa bí àwọn práìmù ṣe fọ́n ká. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó fi hàn pé òótọ́ ni tàbí irọ́. Ní ọdún 1984, Guy Robin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé àbá náà kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan nípa àpapọ̀ olùpín: bí a bá ro gbogbo olùpín nọ́ńbà kan tó ju 5,040 lọ pọ̀, tí a sì fi nọ́ńbà náà pín àpapọ̀ yìí, èsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé òdiwọ̀n kan tó ń ga díẹ̀díẹ̀ bí nọ́ńbà ṣe ń tóbi sí i.

Àpapọ̀ gbogbo olùpín 720,720, pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, jẹ́ 3,249,792. Bí a bá fi 720,720 pín in, a ó rí nǹkan bí 4.509. Òdiwọ̀n Robin fún nọ́ńbà yìí jẹ́ nǹkan bí 4.634. Ó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò dé e. Bí ẹnikẹ́ni bá rí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ju 5,040 lọ tó dé òdiwọ̀n tirẹ̀ tàbí tó kọjá rẹ̀, àbá Riemann ti wó lulẹ̀ nìyẹn, àárín àwọn nọ́ńbà tí práìmù kéékèèké kún inú wọn bíi 720,720 ni àwọn onímọ̀ sì ti ń wá a.